Lẹ́tà tí kò mọ ọ̀nà Sakété

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, obìnrin kan kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní ìlú Reims, ní ilẹ̀ Faransé. Èábáàgì ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde láti inú sítíárìn kó lè gba awakọ̀ sílẹ̀, ló bú gbàmù. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àṣẹ fi jáde káàkiri ilẹ̀ Faransé pé kí gbogbo Citroën C3 àti DS3 ìran kejì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2009, dúró sójú kan. Kí ẹnikẹ́ni má wà wọ́n mọ́ títí wọn yóò fi pààrọ̀ àpò náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Stellantis, ilé-iṣẹ́ tó ni Citroën, kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ọkọ̀ wọ̀nyí. Lẹ́tà yẹn gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni lẹ́tà máa ń tẹ̀ lé. Bí ọkọ̀ bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Antwerp, tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Kútọnu, tí ará Sakété kan sì rà á láti máa fi kó èrò lọ sí Àjàṣẹ́, ilé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní Lyon ni lẹ́tà náà yóò lọ. Ẹni yẹn yóò kà á, yóò ní òun ti ta ọkọ̀ náà tipẹ́, yóò sì jù ú nù. Ará Sakété á máa wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú àpò náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló jókòó síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Takata lorúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ará Japan ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má ti gbọ́ orúkọ náà rí, nítorí kì í tajà fún ẹni tó ń wakọ̀. Honda, Toyota, Nissan, Ford, BMW, Citroën àti ọ̀pọ̀ mìíràn ló ń ra àpò lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì ń fi í sínú ọkọ̀ tiwọn. Agolo irin kékeré kan wà lẹ́yìn àpò kọ̀ọ̀kan. Inú agolo yẹn ni wọ́n kó oògùn oníhóró kan sí. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, iná á kan oògùn náà, á di gáàsì kí ojú tó ṣẹ́, gáàsì yẹn ló ń fẹ́ àpò. Oògùn tí Takata yàn ni ammonium nitrate. Àwọn àgbẹ̀ lókè òkun ń lò ó bí ajílẹ̀, àwọn tó ń fọ́ àpáta náà ń lò ó. Òun náà ló bú ní èbúté Beirut ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Owó rẹ̀ kò wọ́n tó ti oògùn tí àwọn mìíràn ń lò, àmọ́ ó ní ọ̀tá kan: ọ̀rinrin.

Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nínú oòrùn lọ́sàn-án tó ń tutù lóru, ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọ̀rinrin sì ń rí ọ̀nà wọlé, hóró oògùn yẹn á máa rún díẹ̀díẹ̀ bíi ṣúgà tí omi kán sí. Lọ́jọ́ tí iná bá wá kàn án, kò ní jó níwọ̀n mọ́, gbogbo rẹ̀ á gbiná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Agolo á fọ́, àfọ́kù irin á gba inú àpò jáde sí ọrùn àti ojú ẹni tó jókòó níwájú. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní ọdún 2014, àwọn ọlọ́pàá tó dé ibi jàǹbá kan kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló fi ọ̀bẹ gún obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ náà.

Ọdún 2008 ni Honda kọ́kọ́ pe ọkọ̀ padà nítorí àpò yìí, ọkọ̀ bí 4,000 péré. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ọmọbìnrin ẹni ọdún 18 kan kú ní Oklahoma. Ó tó ọdún 2015 kí Takata tó gbà pé àbùkù wà nínú àwọn àpò tó wà nínú ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 34 ní Amẹ́ríkà. Iye náà ń lọ sókè títí ó fi dé àpò mílíọ̀nù 67 ní Amẹ́ríkà nìkan, bíi mílíọ̀nù 100 lágbàáyé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní ọdún 2017, Takata jẹ́wọ́ pé òun jẹ̀bi, pé láti nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n ti ń parọ́ sínú èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀. Wọ́n gbà láti san bílíọ̀nù kan dọ́là. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ náà wọko gbèsè. Ènìyàn 28 ló ti kú ní Amẹ́ríkà nípa àbùkù yìí, gẹ́gẹ́ bí NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, ṣe kà á, àwọn tó sì fara pa tó 400.

Nígbà tí Amẹ́ríkà ń wá ibi tí wọ́n á ti kọ́kọ́ pààrọ̀ àpò, wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí yìnyín wà. Florida, Hawaii, Puerto Rico àti àwọn ibi tó gbóná tó sì lọ́rinrin létíkun ni wọ́n kọ́kọ́ tò sí iwájú. Ní ti ilẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí àpò yìí pa kò kú ní Paris tàbí ní Lyon. Àwọn erékùṣù bíi Réunion, Guadeloupe àti Martinique ni wọ́n kú sí, níbi tí oòrùn àti òjò ti jọ ń gbé. Kí ẹni tó bá mọ ojú ọjọ́ Sakété wá sọ fún wa, láti ìgbà tí òjò oṣù Kẹta bá ti bẹ̀rẹ̀ títí ọyẹ́ yóò fi dé, èwo ni tiwa jọ nínú Paris àti Guadeloupe.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọjà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká, UNEP, gbé ìròyìn kan jáde pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ló ti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà jáde, àti pé Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá sí. Kútọnu jẹ́ ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà tó tóbi jù tí wọ́n ń gbà wọlé. Gbogbo wa la mọ àwọn pápá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí láàárín Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀. Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ tẹ́lẹ̀, kí ìjọba ibẹ̀ tó fòfin dè é láti oṣù Kìíní ọdún 2017 pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Àwa tí a wà ní apá Ìfọ̀nyìn, Igolo àti Sakété mọ bí òfin yẹn ṣe rí nínú ìwé, a sì mọ bó ṣe rí lójú títì. A ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà tó sọ pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ ta ọkọ̀ àlòkù tí ẹni tó ṣe é ti pè padà tí wọn kò tíì tún ṣe. Tuntun ni wọn kò gbọdọ̀ tà bẹ́ẹ̀. Ní ti ọkọ̀ tí wọ́n fi ń háyà, ìyá kan ló jà fún un. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì háyà ọkọ̀ kan ní California ní ọdún 2004. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà ti pè é padà nítorí páìpù epo sítíárìn tó lè fa iná, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń háyà ọkọ̀ kò tún un ṣe kó tó fi fún wọn. Àwọn méjèèjì kú. Ìyá wọn ń ti ọ̀dọ̀ aṣòfin kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn fún ọdún mọ́kànlá, kí òfin tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní ju ọkọ̀ 35 lọ kò gbọdọ̀ fi irú rẹ̀ háyà mọ́. Orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì ni òfin náà ń jẹ́. Èyí fi hàn pé ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí a rò pé gbogbo nǹkan ti ń lọ déédéé, ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn ló ń lé e.

Bí ó bá rí báyìí fún àwọn tí lẹ́tà ń dé ọ̀dọ̀ wọn, báwo ni àwa tí lẹ́tà kì í dé ọ̀dọ̀ wa yóò ṣe mú ilé-iṣẹ́ ńlá tún àbùkù tó mọ̀ ṣe?

A wo bí àwọn mìíràn ti ṣe é. Èyí tó wú wa lórí jù ni ti ìdílé kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọmọbìnrin wọn, nọ́ọ̀sì, ń wa Chevrolet Cobalt ọdún 2005. Ní ọdún 2010, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kú lójú ọ̀nà, ó kọlu ọkọ̀ mìíràn, ọmọ náà sì kú. Wọ́n sọ fún àwọn òbí pé eré ló ń sá. Bàbá rẹ̀ kò gbà. Ó wá agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò wá onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó mọ iṣẹ́. Ọkùnrin yìí tú swíìṣì tí wọ́n ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀, ó ra tuntun ní ṣọ́ọ̀bù General Motors ní nǹkan bí 30 dọ́là, ó sì tú òun náà. Ó tún lọ sí ibi tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ sí, ó tú àwọn mìíràn. Ó rí i pé ọ̀pá kékeré tó wà nínú tuntun gùn ju ti àtijọ́ lọ, sípíríǹgì rẹ̀ sì le jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára méjèèjì kò yàtọ̀. Ẹnì kan ti mọ̀ pé àtijọ́ kò dára, ó ti yí i padà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí swíìṣì yẹn ń ṣe ni pé bí kọ́kọ́rọ́ bá wúwo tàbí tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ó lè yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á kú, sítíárìn á le, èábáàgì kò sì ní jáde. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, General Motors bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ̀ padà, ó sì dé mílíọ̀nù 2.6. Àwọn tí wọ́n sanwó gbà-máà-bínú lé lórí nítorí wọ́n kú nípa àbùkù yìí jẹ́ 124. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 900 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba. Swíìṣì tó fa gbogbo èyí kò ná wọn tó dọ́là kan láti mú dára.

A ń sọ ìtàn yìí fún àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní pàtàkì. Ẹ̀yin lẹ ń tú ohun kan náà lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ mẹ́wàá. Bí irú páàtì kan bá ń bàjẹ́ níbì kan náà nínú gbogbo ọkọ̀ irú kan, ìyẹn kì í ṣe oríire burúkú awakọ̀. Ẹ̀rí ni. Ṣùgbọ́n a máa ń tà á fún àwọn tó ń ra irin, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti Ford àti Firestone tún sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ilẹ̀ tó gbóná ni wàhálà náà ti kọ́kọ́ hàn. Ní ọdún 1999, Ford ti ń pààrọ̀ táyà Firestone fún àwọn tó ní Explorer ní Saudi Arabia àti àwọn orílẹ̀-èdè àyíká rẹ̀, torí ara táyà ń ṣí kúrò nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré nínú ooru, ọkọ̀ á sì dojú dé. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò gbọ́ nǹkan kan. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2000 kí wọ́n tó pe táyà mílíọ̀nù 6.5 padà níbẹ̀, lẹ́yìn tí èèyàn púpọ̀ ti kú. Inú bí àwọn aṣòfin. Kí ọdún yẹn tó parí, òfin ti jáde pé ilé-iṣẹ́ tó bá tún ọkọ̀ ṣe fún àwọn ará òkèèrè nítorí àbùkù gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Amẹ́ríkà fẹ́ máa gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àmọ́ òfin náà kò béèrè pé kí ohun tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ náà wá síbí.

Gbogbo ìgbà kọ́ ni ikú gbọ́dọ̀ wà kí ilé-iṣẹ́ tó gbọ́. Ní Bírítéènì, àwọn kan wà tó máa ń ra ọkọ̀-ilé, ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ìdáná nínú, tí wọ́n fi ń rìnrìn-àjò ìsinmi. Ara Fiat Ducato ni wọ́n ń kọ́ púpọ̀ nínú wọn lé. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Peugeot Boxer tí ẹ mọ̀. Nígbà tí irú tuntun jáde ní ọdún 2006, àwọn tó rà á rí i pé bí wọ́n bá fi rífáàsì gun òkè, ọkọ̀ náà á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè sọ fún un pé òun ni kò mọ ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n kó orúkọ ara wọn jọ, wọ́n sì ń pariwo pa pọ̀ títí Fiat fi wá ojútùú sí gíà náà. Ọkọ̀ ìsinmi ni o. Àwọn tó ń lò ó kò fi í wá oúnjẹ òòjọ́.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní gáréèjì tiwa, olúkúlùkù ló ń dá wàhálà ọkọ̀ tirẹ̀ gbé. Iná èábáàgì á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, a ó fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ kí èrò má bàa béèrè. Ìjókòó iwájú tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan, a ń kó ẹni méjì sí i, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọmọ lórí itan.

Ẹnì kan lè sọ pé àwa tí a ń ra àlòkù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ wí, pé ọwọ́ kejì, ọwọ́ kẹta ni a ti rà á. A kò gbà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti já a wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní New Zealand jẹ́ àlòkù tí wọ́n kó wá láti Japan, bí tiwa ṣe ń wá láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n pe gbogbo ọkọ̀ tó ní irú àpò Takata tó burú jù padà ní dandan, nǹkan bí 50,000, àti àlòkù àti tuntun. Ọdún tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gbèdéke. Wọn kò dúró de lẹ́tà láti Tokyo.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, òfin kò sùn pátápátá. Òfin nọ́ńbà 2007-21 ti ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2007 wà láti dáàbò bo ẹni tó ń ra ọjà. Èyí tó tún ti pẹ́ jù ú lọ ni ìwé òfin tí a jogún lọ́wọ́ Faransé, tó sọ láti orí 1641 pé ẹni tó ta nǹkan ni yóò dáhùn fún àbùkù tó fara pamọ́, àti pé bí ó bá mọ̀ nípa àbùkù náà kó tó tà á, yóò san ohun tó bàjẹ́ pẹ̀lú. Òfin náà ní kí ẹni tó rà á tètè pariwo, kó má jókòó tì í. Nàìjíríà náà ní òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, tó fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń tajà kó ọjà tó léwu kúrò lọ́jà. Ibi tí gbogbo òfin wọ̀nyí ti ń já mọ́ wa lọ́wọ́ ni ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ra ọkọ̀ ní mílíọ̀nù sẹ́fà púpọ̀, a ó ka owó, a ó gba kọ́kọ́rọ́, a ó sì gbàdúrà. Kò sí rìsíìtì tó ní orúkọ ẹni tó tà á, kò sí ọjọ́, nọ́ńbà ṣásí kò sí níbẹ̀.

Nọ́ńbà ṣásí yìí ni a fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ ó rí i nínú carte grise, ẹ ó tún rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá òsì tàbí níbi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ń pa dé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 ni Kánádà. J ni Japan. W ni Jámánì. VF ni Faransé. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: 2 jẹ́ 2002, 3 jẹ́ 2003, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín tó ní fóònù lè kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹni tó ṣe ọkọ̀ bá ti pè é padà láàárín ọdún 15 sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì tún un ṣe, yóò jáde síbẹ̀. Fún Citroën, ojú ìwé tiwọn wà tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà kan náà.

Kí àwọn tó ní Honda Accord ọdún 2001 àti 2002, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Baby Boy, máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Civic ọdún 2001 àti 2002, CR-V àti Odyssey ọdún 2002, Pilot ọdún 2003 wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, NHTSA sọ pé nínú àwọn kan lára ọkọ̀ wọ̀nyí, bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí àpò bá jáde, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì ni yóò bú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Toyota náà sọ fún àwọn tó ní Corolla àti Matrix ọdún 2003 àti 2004, pẹ̀lú RAV4 ọdún 2004 àti 2005, nǹkan bí 50,000 ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n má wà á mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹni tó bá dúró lójú títì Pobẹ̀ fún wákàtí kan yóò rí Matrix kọjá.

A fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan. Àyẹ̀wò ọkọ̀ tí CNSR ń ṣe dára, ó ń wo bírékì, iná àti táyà, ṣùgbọ́n ojú kò lè rí inú agolo tí wọ́n ti dì pa. Iná èábáàgì tó kú kò ní kí agolo má ti bàjẹ́. Wáyà ni iná yẹn ń ṣọ́, kò mọ oògùn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdè àti òòlù yọ àpò náà lábẹ́ igi, nítorí ó lè bú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ra òmíràn nínú òkú ọkọ̀, torí ọjọ́ orí kan náà ni yóò ní.

Tí nọ́ńbà yín bá jáde pé wọ́n ti pè é padà, ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde, ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní Kútọnu. Kí wọ́n fi sítáǹpù àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Wọ́n lè sọ pé àwọn kọ́ ló tà á fún yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́tà kan ṣoṣo, wọ́n lè tì í sábẹ́ tábìlì. Bí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ Sakété, ti Pobẹ̀ àti ti Kétu bá kó nọ́ńbà ogójì ọkọ̀ jọ, tí wọ́n fún ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn oníbàárà, irú bíi LDCB ní Kútọnu, tí ẹ̀dà kan sì wà ní mérì, ìyẹn ti di ohun tí àwọn ará Japan tàbí Faransé yóò ní láti fèsì sí. Ilé-iṣẹ́ tó ń bẹ̀rù kí orúkọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́ ní Paris kò ní fẹ́ gbọ́ pé àpò tí òun pààrọ̀ ní Guadeloupe ṣì ń rìn kiri ní Sakété.

Nígbà tí a ń kọ èyí, a bá awakọ̀ kan jókòó ní gáréèjì níbi tó ti ń dúró de èrò Àjàṣẹ́. A ka nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ pa pọ̀ lábẹ́ gíláàsì. Ìkẹwàá jẹ́ 3. Ó ti ń wa ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́rin, kò sì tíì gbọ́ nípa Takata rí. Kò bínú, ìbéèrè kan ló bi wá: bí wọ́n bá ní kí òun gbé ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó rí àpò mìíràn, ta ni yóò san owó ọjọ́ mẹ́ta? A sọ fún un pé ní ilẹ̀ Faransé, àwọn kan gba ọkọ̀ àyálò nígbà tí tiwọn wà níbi àtúnṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá bọ́ sílẹ̀, ó mú bírò, ó kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún náà sẹ́yìn káàdì fóònù kan, ó fi sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì pe ẹni kejì sí ìjókòó iwájú.